Ọkàn Àwọn Ará Ìlọ́bù

Ike jẹ́ẹ̀lì kan ni Inspẹ́kítọ̀ Hàfúsátù kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ìlọ́bù. Orí tábìlì ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi okùn dì í lókè bí ẹni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fò jáde. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya dé àyà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Dúró ni wọ́n ń pè é," ni ọ̀gá àgọ́ náà wí. "Ọmọ Ìfọ́n ni, òun ló ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò ní ilé ìwòsàn Dókítà Ṣọlápé, níbi téèyàn ti ń wọ Ìfọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ló fà á wá. Wọ́n ní jẹ́ẹ̀lì tó ń fi pa àwọn èèyàn láyà ló ń ba ọkàn wọn jẹ́."

"Àwọn èèyàn wo?"

"Gbogbo ará Ìlọ́bù tó ti dé ibẹ̀."

Òṣogbo ni wọ́n ti rán Hàfúsátù wá, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi yan òun. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni, kì í ṣe ti Ìlọ́bù, kì í ṣe ti Ìfọ́n. Lẹ́yìn ìjà ilẹ̀ tó tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ ọ̀kan wádìí ọ̀ràn tó kan èkejì. Ohun kan tún wà tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Obìnrin náà kì í kánjú. Bó bá gbé ọ̀ràn kan síwájú, á máa ṣa á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kò sì ní gbé e kaná títí yóò fi mọ́.

Alhaji Jàlálù ti ń dúró dè é nínú yàrá kejì. Bàbá tó síngbọnlẹ̀ ni, ó wọ jálámíà aláwọ̀ eérú, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó ṣì lágbára, ọkọ̀ gẹdú ló ń wà, kò sì sí agboolé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ní Ìlọ́bù. Hàfúsátù kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìnira. Mo gbọ́ nípa ọmọ yín obìnrin. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà."

"Àmín. Dìde, ọmọ mi. Ara rẹ̀ ti ń yá, a dúpẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Orí fífọ́ lásán ló gbé Sàídátù lọ síbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un níwèé pé ọkàn rẹ̀ kì í lù bó ṣe yẹ, wọ́n sì fún un lóògùn. Ó ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Bó ṣe ń kó ọjà síta lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. A gbé e dé Òṣogbo. Dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn rẹ̀ rí. Ó ní oògùn yẹn gan-an ló fẹ́ dá ọkàn tó dáa dúró."

"Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo lọ sílé ìyàwó àbúrò mi, ìwé kan náà ni wọ́n fún un. Mo lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi, ìwé kan náà. Èmi fúnra mi gba tèmi, àmọ́ mi ò fi oògùn wọn kan ẹnu." Ó gbé pépà kan lé orí itan rẹ̀. "Mo wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀ ní Ìfọ́n. Kò sẹ́ni tí wọ́n sọ irú ẹ̀ fún. Ilẹ̀ la jọ pààlà, omi kan náà là ń mu, iṣu kan náà là ń jẹ. Báwo ni ọkàn ìlú kan ṣe máa bàjẹ́ tán, tí ti èkejì á máa lù geere?"

"Ìbéèrè tó dáa ni, sà."

"Nígbà náà, bá mi wá ìdáhùn sí i kíákíá. Àwọn ọmọ yìí fẹ́ lọ dáná sun ilé ìwòsàn yẹn. Èmi ni mo dá wọn dúró. Wọ́n ṣì ń gbọ́ tèmi, àmọ́ mi ò mọ ìgbà tí wọn ò ní gbọ́ mọ́."

Hàfúsátù padà sídìí tábìlì, ó tú okùn orí ike náà. Ó fi ìka méjì bu jẹ́ẹ̀lì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi í pa ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀. Alhaji tó tẹ̀ lé e jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ó tutù," ni Hàfúsátù wí. "Ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ nìyẹn fún ìsinsìnyí."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun àti Dúró dá wà.

"Jókòó dáadáa. Wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?"

"Ebi ò pa mí, mà."

"Jẹ́ẹ̀lì tí o fi ń pa àwọn ará Ìfọ́n ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn, mà. Ike kan là ń ṣí. Bó bá tán, a ṣí òmíràn."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Bí ọkàn èèyàn bá ṣe ń lù, iná kékeré kan báyìí máa ń ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ yẹn ń fi wáyà gbọ́ iná náà, ó sì ń yà á bí ìlà sórí pépà. Jẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa."

"Iná NẸ́PÀ tó wà nínú ilé ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ò ní máa gbọ́ ìyẹn mọ́ ọn ni?"

Dúró gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó ń gbọ́ ọ, mà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe nǹkan bí asẹ́ sínú rẹ̀. Iná NẸ́PÀ kì í yí ohùn padà. Ẹ̀rọ ti mọ ohùn yẹn, á sẹ́ ẹ dànù, á wá ku ti ọkàn nìkan."

Hàfúsátù mi orí. "Wọ́n ní oko bàbá rẹ wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ń dá a báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Igbó ti bò ó."

"Ìyẹn á dùn ẹ́."

"Ó dun bàbá mi jù mí lọ." Ó fọwọ́ kan ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya. "Ọmọ Ìlọ́bù ni ìyá tó bí mi, mà. Ìbátan mi wà nínú àwọn tó fa ṣẹ́ẹ̀tì mi ya yìí. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Hàfúsátù wò ó títí, kò rí irọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ojú nìkan ò tó. Ó ní kí wọ́n wá ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀, torí inú àgọ́ sàn fún un ju ìta lọ.

*

Ilé ìwòsàn náà kò tóbi. Ilé alápá méjì ni, ọ̀dà funfun, tí ẹ̀ka igi dóńgóyárò kan ṣíji bo ìdajì rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pọnmi níwájú rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, omi ń ya jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń gbé garawa fún ara wọn. Bí wọ́n ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, ẹ̀rín wọn rọlẹ̀.

Dókítà Ṣọlápé jáde wá pàdé rẹ̀. Obìnrin ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò sùn.

"Ẹ káàbọ̀, Inspẹ́kítọ̀. Ṣé wọn ò tíì lu Dúró?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni wọ́n fà ya. Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn ìwé ọkàn yẹn."

Dókítà tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí Hàfúsátù fi rí ìyàtọ̀ wọn. Ti àwọn ará Ìfọ́n, ìlà náà ń lọ pẹlẹbẹ, ó ń ga sókè ṣónṣó, ó ń padà sílẹ̀, ó tún ń lọ pẹlẹbẹ. Ti àwọn ará Ìlọ́bù, gbogbo ibi tó yẹ kó wà ní pẹlẹbẹ ló ń gbọ̀n jìnnìjìnnì bí omi tí wọ́n ju òkò sí. Lókè gbogbo wọn, ẹ̀rọ ti tẹ ìdájọ́ tirẹ̀ jáde pé ọkàn náà kò lù dọ́gba.

"Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ èyí?"

"Òun ni. Èmi ń kà á, ìyẹn ni mo sì fi ń kọ oògùn."

"Ṣé Dúró lè tẹ nǹkan kan kí ó kọ ohun tó wù ú?"

"Kò lè ṣe é. Àní, lọ́sẹ̀ tí Dúró lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nọ́ọ̀sì mi kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bákan náà ni ó ń jáde. Ìlọ́bù ń gbọ̀n, Ìfọ́n ń lọ geere."

Bẹ́ẹ̀ ni Hàfúsátù ṣe yọ Dúró kúrò nínú ìrònú rẹ̀, tó sì yọ jẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò lè ba nǹkan jẹ́, ike kan náà ò sì lè mọ ẹni tó wá láti Ìlọ́bù yàtọ̀ sí ẹni tó wá láti Ìfọ́n.

"Dókítà, kí lẹ rò nígbà tẹ́ ẹ rí i bẹ́ẹ̀?"

Dókítà Ṣọlápé gbọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Mo rò pé ẹ̀rù ni. Lẹ́yìn ìjà yẹn, ẹni tó bá ti Ìlọ́bù wá síhìn-ín á máa wẹ̀yìn wò. Ara wọn ń gbọ̀n, àyà wọn ń já. Mo ní bóyá ìjàyà yẹn ló ti di àìsàn sí wọn lára. Tí mo bá ní n má fún wọn lóògùn, tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ó bọ́gbọ́n mu débi pé Hàfúsátù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dání lọ sílé. Àmọ́ ohun kan ń họ ọ́ lọ́kàn. Kì í ṣe bákan náà ni ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Ẹ̀rù kan á pọ̀, òmíràn á kéré, àwọn kan ò tilẹ̀ ní bẹ̀rù. Ìlà tó wà níwájú rẹ̀ yìí, bákan náà ni gbogbo wọn ń gbọ̀n.

"Ṣé ẹ máa ń pa ìlú méjèèjì pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan?"

"Rárá o. Mo yà wọ́n. Àwọn ará Ìfọ́n ń wá láàárọ̀, àwọn ará Ìlọ́bù ń wá lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ìjà yẹn ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni lójú mi níbí. Kó tó di ìgbà yẹn, àárọ̀ nìkan la máa ń yẹ ọkàn wò, ìlú méjèèjì la sì ń yẹ̀ wò pọ̀."

"Ìgbà yẹn, ṣé ọkàn àwọn ará Ìlọ́bù ń gbọ̀n?"

Dókítà ronú. "Mi ò rántí pé ó gbọ̀n."

"Nígbà náà, kì í ṣe ìlú méjì nìkan lẹ yà, Dókítà. Ẹ ya àárọ̀ kúrò lára ọ̀sán." Hàfúsátù to àwọn pépà náà pọ̀. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ará Ìlọ́bù kankan wà tó wá lọ́sàn-án, tí ọkàn rẹ̀ ò gbọ̀n?"

Wọ́n tú wọn wò. Ẹyọ kan ló wà. Hameed ni wọ́n ń pè é, ó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀rìn.

*

Ọwọ́ Hameed dúdú fún ọ́ìlì. Ó fi àkísà nù ún kí ó tó dọ̀bálẹ̀ fún Hàfúsátù, ó sì fún un ní àpótí kan jókòó lé.

"Wọ́n ní ọkàn tìẹ dáa," ni Hàfúsátù wí.

Hameed rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará àdúgbò ti ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, mà. Wọ́n ní bóyá Ìfọ́n ni wọ́n ti bí mi."

"Ṣé ẹ̀rù bà ẹ́ nígbà tí o débẹ̀?"

"Ẹ̀rù? Mà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti gba ọ̀kadà mi lọ́wọ́ mi nígbà ìjà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Ìyàwó mi ló tì mí lẹ́yìn."

Nígbà náà, ẹ̀rù kọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bà jù ni ọkàn rẹ̀ jáde pẹlẹbẹ.

"Sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí fún mi. Má fi nǹkan kan sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó."

"Kò sí nǹkan bàbàrà, mà. Òjò ló rọ̀ látàárọ̀. Ojú ọjọ́ ṣú dùdù, bí ẹni pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo dé ibẹ̀ tí mo ti rin gbingbin, ẹsẹ̀ mi kún fún ẹrẹ̀. Dúró fún mi ní tááwẹ̀lì. Mo fẹ́ ṣan ẹsẹ̀ mi níta kí n tó gorí ibùsùn wọn, mo ṣí ẹ̀rọ omi, omi ò wá."

"Omi ò wá?"

"Kò wá, mà. Dúró ní sólà ló ń fa omi náà jáde nínú kànga. Bí oòrùn ò bá ràn, kì í fà. Ó bá mi bu omi inú garawa."

Hàfúsátù dìde díẹ̀díẹ̀. Ó rántí àwọn obìnrin tó ń pọnmi, bí omi ṣe ń ya lọ́sàn-án gangan.

"Inú ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi náà sí?"

"Ẹ̀yìn ni, mà. Ẹ̀yìn ògiri yàrá tí wọ́n ti ń yẹni wò gan-an. Ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn bí oyin tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tèmi, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́."

"Hameed, o ṣeun. Ìyàwó tó tì ẹ́ wọlé yẹn, bá mi kí i."

*

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti wà láàárín orí, Hàfúsátù kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìyẹniwò náà. Dókítà Ṣọlápé wà níbẹ̀. Wọ́n mú Dúró wá láti àgọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó tóbi jù ú lọ. Alhaji Jàlálù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ há sáàárín ẹsẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà níta.

"Alhaji, ta ni ẹ gbàgbọ́ jù nínú gbogbo wa níbí?" ni Hàfúsátù béèrè.

"Ara mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Iṣẹ́ wà fún yín."

Dókítà fa aṣọ kọ́tìnnì. Hàfúsátù dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, Dókítà fi jẹ́ẹ̀lì àgọ́ yẹn gan-an pa á láyà, ó lẹ àwọn wáyà mọ́ ọn. Dúró dúró ti ẹ̀rọ níwájú kọ́tìnnì. Pépà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìlà orí rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Kí ló kọ?" ni Hàfúsátù bi í.

Dúró fa pépà náà sún mọ́ ojú. "Ó ní ọkàn yín ò lù dọ́gba, mà."

Alhaji gbójú sókè. "Ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn náà?"

"Àwa náà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sẹ́yìn ògiri yìí. Súìṣì pupa kan wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pa á."

Bàbá náà jáde. Wọ́n gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Kùn-kùn tó wà lẹ́yìn ògiri lọ sílẹ̀, ó sì dákẹ́, àwọn obìnrin níwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó gbé omi lọ. Dúró tún ẹ̀rọ tẹ̀. Pépà jáde. Ó lọ pẹlẹbẹ, ó ga ṣónṣó, ó padà sílẹ̀.

"Ó dọ́gba," ni Dúró wí. "Mà, ó dọ́gba."

Alhaji tan súìṣì, ìlà tún gbọ̀n. Ó pa á, ìlà tún tọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tó tàn án, òun fúnra rẹ̀ ló sáré wọlé wá wo pépà.

Nígbà tí Hàfúsátù ti wọṣọ tán, ó jókòó tì í. "Dúró ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Ó ní asẹ́ wà nínú ẹ̀rọ yìí tó ń sẹ́ iná NẸ́PÀ dànù, torí pé iná NẸ́PÀ kì í yí ohùn padà. Dúró, iná ẹ̀rọ tó ń fa omi yìí ńkọ́?"

Dúró ń wo ògiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Oòrùn ló ń gbé e ṣiṣẹ́, mà. Bí oòrùn bá ṣe ń le sí i ni yóò ṣe máa sáré sí i. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, á rọra. Ohùn rẹ̀ ò dúró sójú kan."

"Asẹ́ ò wá mọ̀ ọ́n."

"Kò mọ̀ ọ́n, mà. Ó ń gba inú asẹ́ kọjá. Ẹ̀rọ wá rò pé ọkàn ni."

"Láàárọ̀, oòrùn ò tíì le, omi kì í yọ, ọkàn àwọn ará Ìfọ́n ń jáde bó ṣe rí. Lọ́sàn-án, oòrùn ti le, ẹ̀rọ omi ń kùn, àwọn ará Ìlọ́bù ló ń dùbúlẹ̀ síbí. Ìgbà tí Dókítà ya ìlú méjèèjì kí wọ́n má bàa jà, kò mọ̀ pé òun ń kó àwọn kan síwájú ariwo."

Alhaji gbé pépà náà sílẹ̀. "Nígbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa wá."

"Kò sí, sà."

Ó yíjú sí Dúró. "Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ mú ẹ wá. Mi ò ní kí wọ́n fa aṣọ rẹ ya. Má bínú."

Dúró dọ̀bálẹ̀. "Ó ti tán, sà."

Dókítà Ṣọlápé kúnlẹ̀ ní tirẹ̀. "Alhaji, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ sọ ọ́, mo gbà á gbọ́. Ká ní mo di ọwọ́ Sàídátù mú kí n fi ìka gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, mi ò ní fún un lóògùn yẹn. Màá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé."

"Wá jẹun níbẹ̀ tó o bá ń bọ̀," ni Alhaji wí. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Ó fa pépà tirẹ̀ yọ nínú àpò jálámíà, ó fẹ́ fà á ya.

Hàfúsátù di ọwọ́ rẹ̀ mú, jẹ́jẹ́. "Ẹ má tíì fà á ya, sà. Ohun tí a mọ̀ báyìí ni pé ariwo wọ inú rẹ̀. A ò tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ ariwo yẹn."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo wa gẹdú la igbó kọjá títí irun mi fi funfun. Kò sóhun tó ṣe ọkàn mi."

"Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ rí i."

*

Wọ́n pe gbogbo àwọn tó gba ìwé padà ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n sì pa ẹ̀rọ omi náà títí oníná yóò fi gbé e jìnnà sí ògiri. Dókítà ò yà wọ́n mọ́. Ará Ìlọ́bù àti ará Ìfọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àyè ẹni méjì sílẹ̀ láàárín ara wọn. Nígbà tó yá, ìyá kan láti Ìfọ́n béèrè lọ́wọ́ Sàídátù bóyá aṣọ ọmọdé tó máa ń tà ṣì wà. Sàídátù ní ó wà, ó fi àwòrán rẹ̀ hàn án nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni àyè náà ṣe ń kún.

Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé pépà wọn sókè. Ọkàn tó dáa. Ọkàn tó dáa. Aládùúgbò Alhaji tilẹ̀ jó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Hàfúsátù jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Alhaji ló wọlé kẹ́yìn, ó ní torí kí Inspẹ́kítọ̀ lè sinmi lòun ṣe fẹ́ dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí Dúró fi yọ orí síta, tó fi ojú pe Hàfúsátù.

Ìlà náà ò gbọ̀n. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn ṣónṣó orí rẹ̀ ò jìnnà síra bákan náà. Méjì á sún mọ́ra, àyè gbọọrọ á tẹ̀ lé e, mẹ́ta á tún sáré tẹ̀ lé ara wọn.

"Ẹ lọ wo súìṣì," ni Alhaji wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"A ti pa á, sà," ni Dúró dáhùn.

Alhaji bọ́ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, àyà rẹ̀ ṣì ń dán fún jẹ́ẹ̀lì, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, kò gbójú sókè.

"Ẹ ní ẹ̀rọ yìí máa ń ṣìnà," ló wí.

"Ó máa ń ṣìnà lóòótọ́, sà," ni Hàfúsátù dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ fún mi ní ìka yín." Ó gbé ìka bàbá náà lé ọrùn ọwọ́ Dúró. "Báwo ló ṣe ń lọ?"

Alhaji gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. "Ó ń lọ geere. Bí ẹ́ńjìnnì tó jí dáadáa."

"Ẹ wá gbọ́ tiyín."

Ó gbé ìka rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì di ojú. Hàfúsátù rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà.

"Ó ń dúró," ló wí nígbẹ̀yìn. "Á dúró, á tún máa sáré lé ara rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti mọ nǹkan kan lára tẹ́lẹ̀, sà?"

"Èémí máa ń ká mi mọ́ àyà bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Mo ní ọjọ́ orí ni."

Dókítà Ṣọlápé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Alhaji, wọ́n máa ń tọ́jú irú àìsàn yìí, ara á sì balẹ̀. Ohun tó léwu ni kéèyàn máà mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ oògùn kankan fún yín lórí ẹ̀rọ tèmi nìkan mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn yẹ̀ yín wò l'Óṣogbo lónìí. Bí tiwọn bá bá tèmi mu, a ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú."

Àwọn ọmọ Alhaji ti wọlé, wọ́n dúró yí i ká, ìrísí wọn bí ti àwọn tí kò mọ ẹni tí wọn yóò bá jà. Sàídátù ló rọra bá a de bọ́tìnnì jálámíà rẹ̀.

"Ẹ dìde ká lọ, Bàbá. Èmi náà ti lọ, mo sì ti padà dé."

"Màá lọ." Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wò wọ́n kọjá. "Dúró, o mọ ọkọ̀ wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ìwọ ni wàá wà á. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ wáyà mọ́ mi lára níbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè wà pẹ̀lú mi."

Ọmọ rẹ̀ àgbà ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. Ó dì í mú sọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì nà án sí Dúró. "Ẹ ṣé, bọ̀dá," ni ọmọ Alhaji náà wí, láìgbójú sókè.

Fóònù Hàfúsátù dún bí ọkọ̀ náà ṣe ń bọ́ sí títì. Ọ̀gá rẹ̀ ni, láti Òṣogbo.

"Hàfúsátù, ta lo mú?"

"Mi ò mú ẹnikẹ́ni, sà."

"Ọ̀ràn tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ dáná sun ilé? Ta ló wà nínú àgọ́?"

"Àgọ́ ṣófo, sà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ń wa ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án bọ̀ l'Óṣogbo."

Nínú ilé, Dókítà Ṣọlápé ń ké jáde pé iṣu ti jinná. Hàfúsátù bọ́ fìlà ọlọ́pàá rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun á pe ọ̀gá òun padà, ó sì wọlé lọ jẹun.